Láti orí Dískẹ́ẹ̀tì dé orí Fóònù: Ìtàn Kòkòrò Kọ̀ǹpútà bí a ṣe rí i ní Benson

Ní ọdún 2008, àbúrò mi obìnrin mú fláàṣì kékeré kan dání, ó rìn láti ilé wa dé ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú, níbi tí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan wà tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í sinmi. Iṣẹ́ àṣekágbá tí yóò fi gba ìwé-ẹ̀rí ló wà nínú fláàṣì náà, ojú-ìwé 74, iṣẹ́ oṣù márùn-ún gbáko. Ọmọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ki fláàṣì náà bọ ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún un tẹ̀, ó mi orí. Ó ní, “Àǹtí, fáírọ́ọ̀sì ti jẹ gbogbo ẹ̀.” Ó ní àfi kí òun fọ́ọ̀máàtì rẹ̀, kí ó má baà ran àwọn ẹ̀rọ yòókù. Àbúrò mi gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi tún ojú-ìwé 74 náà tẹ̀ láti inú ìwé àfọwọ́kọ, pẹ̀lú omijé, nítorí pé ọjọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ dá fún un ti kọjá.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé kò sí ohun tó jẹ iṣẹ́ náà. Kòkòrò tó wà nínú fláàṣì yẹn kàn fi fódà tí iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ pamọ́ ni. Ó wá fi ara rẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ó jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì gbé àwòrán fódà aláwọ̀ ìyeyè wọ̀ bí ẹni gbé ẹ̀wù. Ẹni tó bá rò pé fódà lòun tẹ̀, kòkòrò gan-an ló tẹ̀. Ojú-ìwé 74 wà níbẹ̀ pérépéré títí di ìṣẹ́jú tí wọ́n fọ́ọ̀máàtì fláàṣì náà. Ọwọ́ àwa ni iṣẹ́ náà kú sí, kì í ṣe ọwọ́ kòkòrò. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìtàn àwọn kòkòrò yìí kiri: ibi tí wọ́n ti wá, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa, àti ìdí tí wọ́n fi ń rí wa mú.

Àwọn onímọ̀ ti ń bá irú rẹ̀ ṣeré kí ó tó di ìyọnu. Ní 1971, Bob Thomas tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ BBN ní Amẹ́ríkà kọ Creeper, ètò kan tó ń rìn láti ara ẹ̀rọ kan sí òmíràn lórí ARPANET, ìyẹn ìyá íntánẹ́ẹ̀tì òde òní. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Ní 1982, ọmọ ọdún 15 kan tó ń jẹ́ Rich Skrenta kọ Elk Cloner láti fi dá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lágara. Ọdún 1983 ni Fred Cohen, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Southern California, fi irú ètò bẹ́ẹ̀ han àwọn olùkọ́ rẹ̀, tí olùkọ́ kan, Leonard Adleman, sì fún un ní orúkọ tí gbogbo wa ń pè é lónìí. Orúkọ náà bá a mu. Fáírọ́ọ̀sì inú ara ènìyàn kò lè dá gbé. Àfi kí ó wọ inú ara ẹlòmíràn kí ó tó lè bí sí i. Ti inú kọ̀ǹpútà náà rí bẹ́ẹ̀.

Ìlú Lahore ní Pakistan ni ọ̀rọ̀ náà ti wá di ti gbogbo ayé. Ní oṣù kìíní ọdún 1986, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà níbẹ̀, Basit àti Amjad Farooq Alvi, kọ ètò kan tí wọ́n sọ ní Brain. Wọ́n ní àwọn ènìyàn ń ṣe àdàkọ ètò ìṣègùn tí àwọn kọ láìsanwó, àwọn sì fẹ́ mọ ẹni tó ń jí i. Ibi tí wọ́n fi Brain pamọ́ sí ni abala àkọ́kọ́ lára dískẹ́ẹ̀tì, ibi tí ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ kà nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. Ẹni tó bá gbàgbé dískẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ lálẹ́, tó tan ẹ̀rọ náà láàárọ̀, kòkòrò ni yóò kọ́kọ́ jí, ohun tó kù yóò tó máa jí tẹ̀ lé e. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa fò mọ́ gbogbo dískẹ́ẹ̀tì mìíràn tí wọ́n bá kì bọ ẹ̀rọ náà.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí ni pé àwọn ará Lahore náà kọ orúkọ wọn, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn sínú kòkòrò náà, wọ́n ní kí ẹni tó bá kó o wá gba oògùn lọ́dọ̀ àwọn. Wọn kò mọ̀ pé yóò kọjá ìlú wọn. Kò pẹ́ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí onímọ̀ ọmọ Finland kan, Mikko Hypponen, lọ wá wọn ní 2011, ọdún 25 lẹ́yìn náà, àdírẹ́sì kan náà ló ti bá wọn.

Kí ọdún mẹ́rin tó pé lẹ́yìn Brain ni ẹlòmíràn rí i pé a lè fi irú iṣẹ́ yìí gbowó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, nǹkan bí 20,000 dískẹ́ẹ̀tì dé ọwọ́ àwọn ènìyàn ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Àkọlé rẹ̀ sọ pé ìmọ̀ nípa àrùn éèdì ló wà níbẹ̀, àwọn dókítà àti àwọn olùwádìí sì wà lára àwọn tó gbà á. Bí ẹni tó lò ó bá ti tan ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà 90, orúkọ gbogbo fáìlì rẹ̀ á dàrú mọ́ ọn lójú, ìkéde kan á sì yọ pé kí ó fi dọ́là 189 ránṣẹ́ sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ kan ní Panama. Joseph Popp, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n mú fún un, ṣùgbọ́n adájọ́ ní ọpọlọ rẹ̀ kò pé tó láti jẹ́jọ́. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ fáìlì ni kòkòrò yẹn dàrú, kò fọwọ́ kan ohun tó wà nínú wọn. Síbẹ̀, àwọn kan fi ìjayà pa gbogbo iṣẹ́ wọn rẹ́ fúnra wọn. Nígbà tí mo kà á, àbúrò mi àti fláàṣì rẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ti wà ní Nàìjíríà tipẹ́tipẹ́. Ní 1963 ni ilé-iṣẹ́ IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ńláńlá tó ń gba odindi yàrá ni wọ́n ń lò nígbà náà, àwọn mélòó kan péré ló sì ń sún mọ́ ọn. Kòkòrò kì í ràn níbi tí kò sí ìbẹ̀wò. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà di ohun tí ènìyàn lè gbé sórí tábìlì nílé ni ọ̀rọ̀ yí padà, èyí tó sì wọ ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa, tòkunbọ̀ ni. Ní 2005, ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà, Basel Action Network, wá wo ọjà Otigba ní Ìkẹjà àti èbúté Èkó. Wọ́n ní nǹkan bí kọ̀ńténà 500 tó kún fún ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lóṣooṣù, àti pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ṣeé tún ṣe. Wọ́n ra díẹ̀ nínú àwọn háàdì dískì tó wà lọ́jà, wọ́n sì bá àkọsílẹ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ni ín nínú wọn. Ẹni tó ta ẹ̀rọ rẹ̀ ní òkè òkun ti fi àṣírí rẹ̀ sọ́kọ̀ wá sí Ìkẹjà láìmọ̀. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí bí a bá ta fóònù àtijọ́ wa láìnu inú rẹ̀ mọ́.

Ètò Windows tó wà nínú àwọn ẹ̀rọ tòkunbọ̀ yìí, àdàkọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Áńtífáírọ́ọ̀sì tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá fi sí i, àdàkọ ni òun náà, tí wọ́n ti já títì rẹ̀. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́: owó ojúlówó ètò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí a fi ra ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó já títì ilé-iṣẹ́ ńlá, kí ni yóò dí i lọ́wọ́ láti fi tirẹ̀ kún un? Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ìgbà náà ni ìgbà káfẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni àwọn àwo sátẹ́láìtì ti ń yọ lórí òrùlé ní Sábó, ní Agric, ní Ògóloǹtò, àti ní Benson tí orúkọ rẹ̀ ń rán wa létí Olóyè T.O.S. Benson, ọmọ Ìkòròdú tó ṣe mínísítà ètò ìròyìn nígbà ìjọba Balewa. A máa ń ra wákàtí bí ẹni ra ìrẹsì. Èyí tó ń lọ di ilẹ̀ mọ́ ni ó dínwó jù. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè gba 40 ènìyàn lójúmọ́, olúkúlùkù pẹ̀lú fláàṣì tirẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti Ìmọ̀tà àti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ á kó ohun tí wọ́n bá rí ní Benson lọ sí ilé, tí wọ́n bá sì ń padà bọ̀, wọ́n á kó èyí tó wà níbẹ̀ wá.

Windows ìgbà náà ní àṣà kan: bí ènìyàn bá ki nǹkan bọ ẹ̀rọ, kò ní béèrè lọ́wọ́ onílé kí ó tó ka ìwé àṣẹ kékeré kan tó ń jẹ́ autorun.inf, ohun tó bá sì bá níbẹ̀ ni yóò ṣe. Wọ́n ṣe é kí sídì lè dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Àwọn tó kọ Brontok, tó ti Indonesia wá, àti Sality, rí ojú ihò náà, wọ́n sì gba ibẹ̀ wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2011 ni Microsoft ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ pé kí wọ́n má ṣe ka autorun lórí fláàṣì mọ́. Àtúnṣe náà dára, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbà wọlé, ẹni tó sì ń fi àdàkọ Windows ṣiṣẹ́ ti pa ilẹ̀kùn yẹn dé kí àdàkọ rẹ̀ má baà hàn síta. Ó pẹ́ kí ó tó kan ọ̀pọ̀ nínú wa.

Mo fẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀, sí ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 2000. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ kárí ayé ṣí ímeèlì wọn, wọ́n sì bá lẹ́tà tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ ILOVEYOU. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àjèjì ló ti wá. Ọ̀gá ẹni, ìyàwó ẹni tàbí ẹlẹgbẹ́ ẹni níbi iṣẹ́ ni orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Ìwé kan so mọ́ ọn tí orúkọ rẹ̀ parí sí TXT, bí ìwé lásán tí kò lè pani lára. Ṣùgbọ́n ìrù kan tún wà lẹ́yìn TXT yẹn, “.vbs”, tó jẹ́ àmì ètò tó ń ṣiṣẹ́, Windows sì máa ń fi ìrù bẹ́ẹ̀ pamọ́ kí ojú-ìwé lè mọ́ tónítóní. Ẹni tó bá ṣí i, kòkòrò náà á fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àdírẹ́sì rẹ̀, á sì ba àwọn àwòrán rẹ̀ jẹ́. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì àti Pentagon ní Amẹ́ríkà ti ímeèlì wọn pa.

Onel de Guzman, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Manila, ló kọ ọ́. Kò lówó láti ra íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì fẹ́ máa jí páswọ́ọ̀dù àwọn tó ní in. Kò sí òfin kan ní Philippines nígbà náà tó lè mú un, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé aṣòfin wọn sáré ṣe òfin. Nígbà tí akọ̀ròyìn kan rí i ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ló wà nínú ọjà kan, bí àwọn ọmọ wa ní Otigba, ó sì jẹ́wọ́ pé òun lòun ṣe é.

Ohun tó ṣí ilẹ̀kùn fún ILOVEYOU kò sí nínú ẹ̀rọ rárá. Ìfẹ́ láti mọ ẹni tó fẹ́ràn wa ni. Àwa ọmọ Nàìjíríà kò sì lè ṣe bí ẹni pé a kò mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí gbájúẹ̀ ti wà kí iná mànàmáná tó kárí Èkó. Òpìtàn Stephen Ellis sọ nípa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ P. Crentsil, tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba amúnisìn rí ní Èkó. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1920, Crentsil kọ lẹ́tà sí ẹnì kan ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ ìyanu, ó sì ṣàlàyé agbára tí òun lè lò fún un bí ó bá san owó. Ní 1921, wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ lábẹ́ àwọn abala òfin ìwà ọ̀daràn, abala 419 sì wà nínú wọn. Adájọ́ kìlọ̀ fún un, ó ní kí ó máa lọ. Crentsil jáde, ó ń fọ́nnu pé oògùn òun ló tú òun sílẹ̀.

Ẹ wo bí lẹ́tà Crentsil ṣe di ímeèlì inú káfẹ́ ní ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà: ọmọ olóògbé ààrẹ kan ní owó tí ó fẹ́ kó jáde, ó ń wá olóòótọ́ ènìyàn. Ìjọba ṣe òfin gbájúẹ̀ tuntun ní 2006, àjọ EFCC sì ń ya wọ káfẹ́. Ó dùn mí pé ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, àwọn ọmọ tó jókòó sí káfẹ́ láti wá fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ jẹ lára ìyà àwọn tó jókòó síbẹ̀ láti kọ lẹ́tà irọ́. Ọjọ́ tí àwọn ọlọ́pàá bá dé, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀ lójú wọn.

Àrùn tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe é. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, WannaCry ti fáìlì pa nínú kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, ó ń béèrè dọ́là 300 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò dúró de kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ó ń fò fúnra rẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àìmọye nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́, ó kan ó kéré tán 80 nínú 236 àjọ ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n sì fagi lé ìpàdé dókítà tó ju 19,000 lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Marcus Hutchins, ló rí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan nínú ara kòkòrò náà, ó fi owó díẹ̀ ra orúkọ àdírẹ́sì ọ̀hún, kòkòrò sì dáwọ́ dúró. Àtúnṣe tí ì bá dí ojú ihò náà ti wà nílẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún yẹn. Nǹkan bí oṣù méjì ni wọ́n fi fún àwọn ènìyàn láti gbà á.

Ó rọrùn láti sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Èmi kò ní sọ bẹ́ẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí àtúnṣe ń jẹ lọ́dọ̀ wa. Odindi gígábáìtì lè lọ sí i lọ́jọ́ kan, owó dátà sì ni ó ń jẹ. Bí iná bá lọ nígbà tí ó ń ṣe é lọ́wọ́, ẹ̀rọ lè má jí mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń pa á. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń dúró de òru tí dátà bá dínwó, mo sì máa ń rí i pé bátìrì kún kí n tó bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft kò ṣàtúnṣe Windows 10 lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́ fún gbogbo ayé bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì wà nínú àìmọye kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní Ìkòròdú. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí Windows XP ní 2014, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan sì ń lò ó lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìjọba ńkọ́? Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, kí Ààrẹ Goodluck Jonathan tó kúrò lórí oyè, ó fọwọ́ sí òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin náà sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn wọ inú ẹ̀rọ ẹlòmíràn láìgbàṣẹ tàbí kí ó tan kòkòrò kálẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 24 rẹ̀ ni a gbọ́ nípa rẹ̀ jù, èyí tí wọ́n fi ń mú àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba, títí tí ilé ẹjọ́ ECOWAS fi sọ ní oṣù kẹta ọdún 2022 pé abala náà tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní oṣù kejì ọdún 2024. Oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni báńkì àpapọ̀ wá pàṣẹ pé kí àwọn báńkì máa yọ ìdá ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lára owó tí a bá fi ránṣẹ́, kí wọ́n fi ṣe ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fi ₦100,000 ránṣẹ́, ₦500 á lọ. Ariwo sọ; kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ìjọba ti dá a dúró. Mo rántí obìnrin ẹlẹ́ja kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́ tó ní, bí wọ́n bá fẹ́ fi owó òun ṣọ́ òun, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀lọ́dẹ náà han òun.

Káfẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Benson báyìí. Lẹ́yìn tí okùn abẹ́ òkun ti Glo àti MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, tí dátà sì wọ inú fóònù, olúkúlùkù gbé káfẹ́ tirẹ̀ sápò. Fláàṣì náà kò rin ìrìn àtijọ́ mọ́. Ọ̀nà tí aláǹgbá ń gbà wọlé báyìí ni líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ìjọba ń pín owó, áàpù tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ibi tí kì í ṣe ìsọ̀ áàpù, àti ohùn pẹ̀lẹ́ tó ń pe màmá lórí fóònù: “Mọ́mì, láti báńkì yín ni o, nọ́ńbà mẹ́fà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí fóònù yín, ẹ kà á fún mi.” Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ àpótí owó. Kò sí áńtífáírọ́ọ̀sì tó lè gbọ́ ohùn náà.

Ẹnì kan pe ìyá wa bẹ́ẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ó ní kí onítọ̀hún dúró ná, ó gbé fóònù náà fún àbúrò mi, àbúrò mi sì pa á. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó, wọ́n tan ìdáàbòbò onípele méjì sórí WhatsApp ìyá wa, wọ́n sì pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù tó jẹ́ ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ àkọ́bí. Fláàṣì 2008 yẹn ṣì wà. Ó gba ojú-ìwé 74 tí a tún tẹ̀, ó sì gba àwòrán ìgbéyàwó àbúrò mi. Ẹ̀dà kejì wà nínú háàdì dískì kan ní ilé ìyá wa ní Ẹ̀pẹ́, wọn kì í sì í ki í bọ ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni.